Ọwọ́ Méjì Láti Abaji

Àwọn tó ń wọn ọ̀nà fún ìjọba ní láti Abaji dé Garki kò ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà àti díẹ̀ lọ. Irọ́ ńlá. Ìbàdí Japheth Àìná ló mọ iye tó jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi ìbàdí náà léèrè rí. Lójú ìbàdí yẹn, Abaji sí Garki jìn ju ayé sí ọ̀run lọ, nítorí ẹni tó bá lọ sọ́run kì í tún padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ọdún mọ́kànlá ni Japheth ti ń lọ, tó ń bọ̀. Ọ́fíìsì àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ọba gbé e sí ní Abaji, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbìn kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ tirẹ̀, Japheth á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á máa na ọwọ́ sí mọ́tò. Òun ni alága ẹ̀ka Abaji nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Òkè-Agbọ́n. Òkè-Agbọ́n kéré débi pé bí o bá sín ní ẹnu bodè, àwọn tó wà ní òpin ìlú ni yóò kí ọ ní "pẹ̀lẹ́". Ìlú kéré o, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abuja ní ẹ̀ka mẹ́rin, ó ní àsíá, ó sì ní ìwé òfin kan tó nípọn tó fi jẹ́ pé bí ó bá já lu ewúrẹ́, ẹ ti rí ẹran ọbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò nìyí. Garki ní aṣojú mẹ́rin, Kubwa ní mẹ́rin, Nyanya ní mẹ́rin, Abaji ní méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlá. Ohun tí alága ẹ̀ka bá fẹ́ ni gbogbo aṣojú rẹ̀ ń na ọwọ́ sí; kò sí ẹni tó ń yà kúrò lẹ́yìn alága rẹ̀. Tí ọwọ́ mẹ́jọ bá lọ sókè, ọ̀rọ̀ ti wọlé. Aṣojú kejì láti Abaji, olùkọ́ kan, ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ọdún kẹta, nígbà tí tírélà kan lé e wọ inú oko ẹ̀gúsí. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti gbà kí Japheth máa na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún fún ara rẹ̀, òsì fún olùkọ́. Bí ìbò bá ti dé, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí adigunjalè ká mọ́lé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ méjì yìí wá láti ọdún mẹ́ta: kí ẹgbẹ́ wá ṣe ìpàdé ní Abaji. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Nítorí Kúnbi ìyàwó rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí rẹ̀ rí. Kúnbi ni ẹni tó máa ń pa gbogbo ìpàdé lẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń lọ. Ó mọ ẹ̀gàn àti ìnagijẹ gbogbo agboolé Òkè-Agbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàlagbà tó ga jù fún un láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń ti ìpàdé bọ̀, mọ́tò wọn yí dànù lẹ́bàá Gwagwalada, egungun itan Kúnbi sì ṣẹ́. Ó jinná, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ mọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láti Abaji, kò gbé èèyàn dé ibì kankan. Bó ṣe di pé láti àárọ̀ di alẹ́, kíkí Haúsá, "sànnu" àti "yauwa", nìkan ni ó ń gbọ́ láti ẹnu àwọn aládùúgbò rere tí kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, bí Japheth ti ń wá bàtà, Kúnbi sọ̀rọ̀ látorí ibùsùn.

"Bàbá Jọmílójú, ojú Jemimah ọ̀rẹ́ mi ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́ o. Mo di ojú mi lánàá, mo ní kí n rí i. Imú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Àwọn tó kù dà bí fọ́tò tí òjò pa."

"Màá bẹ̀ wọ́n lónìí."

"Má bẹ̀ wọ́n mọ́. Ẹ̀ẹ̀meje lo ti bẹ̀ wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí láti máa retí."

Japheth dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Ó pinnu níbẹ̀ pé èyí ni yóò ṣe ìkẹyìn. Bí wọn kò bá gbà lónìí, òun náà á kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbàgbé ojú èèyàn.

* * *

Mọ́tò já a sílẹ̀ ní páàkì Jabi. Ó rìn lọ sí ilé ọmọ rẹ̀, kò sì jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn, àwọn èèyàn tó wọ ṣòkòtò péńpé ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí etí adágún, tí kò sì sí ajá tó ń lé wọn. Ó wò wọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Jọmílójú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní àjọ kan tó ń ṣèwádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń dìbò. Abuja ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ a máa tiro díẹ̀. Ohun tó kà ní yunifásítì ni wọ́n ń pè ní gémù tíọ́rì. Ọdún mẹ́rin ni Japheth fi rò pé ayò ni wọ́n ń ta níbẹ̀, ó sì ń dákẹ́ kí ojú má ba à tì í lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Nígbà tó yá ni ọmọ náà ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ bí ọmọ aráyé ṣe ń yan ohun tí wọ́n máa ṣe ni, nígbà tí kálukú mọ̀ pé ẹnì kejì náà ń ronú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù tó kọjá, ó gba ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọdún mọ́kànlá odindi, ó ní òun fẹ́ fi dánra wò.

Ó gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó to ife mẹ́rin mìíràn tó ṣófo sórí tábìlì, ó sì gbé páálí ṣúgà onígun jáde.

"Dádì, nǹkan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú."

"Ẹni tí ìbàdí ń dùn kò ráyè bínú. Sọ ọ́."

"Ìbò tí ẹ ti dì láti ọdún mọ́kànlá jẹ́ ọgọ́fà ó lé méjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rò pé ọwọ́ yín yí èsì padà?"

Japheth jẹ búrẹ́dì, ó ronú. Kò fẹ́ kí ó dà bí ìgbéraga. "Kò ní ju ogójì lọ."

"Òdo ni."

"Òdo kí ni?"

"Òdo, Dádì. Kò sí ọ̀kan."

Ó ka ṣúgà mẹ́rin sínú ife kìíní, ó ní Garki nìyẹn. Ó ka mẹ́rin sí ti Kubwa, mẹ́rin sí ti Nyanya, ó sì ju méjì péré sínú ife tó gbẹ̀yìn. "Abaji. Ó yá, ẹ bá mi wá ibì kan, ẹyọ ibì kan, tí ṣúgà méjì yín máa sọ nǹkan tó ti kú di ààyè."

Japheth fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó gbé Abaji ti Garki, ó kà á: mẹ́fà. Kò tó mẹ́jọ. Ó gbé Abaji ti Kubwa: mẹ́fà. Ó gbé e ti Nyanya, ó rọra kà á bóyá ti Nyanya á ṣàánú rẹ̀: mẹ́fà. Ó wá kó Garki àti Kubwa jọ: mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ti wọlé láìsí tirẹ̀. Ó da méjì tirẹ̀ lé e, ó di mẹ́wàá, bí ẹni tó bu omi ife kan sínú odò Ọya tó ní òun náà ti ran odò lọ́wọ́. Ó kó ife náà síhìn-ín, ó kó o sọ́hùn-ún, títí tíì rẹ̀ fi tutù débi tí eṣinṣin fi wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́. Níkẹyìn ó mú ṣúgà méjì Abaji, ó jù wọ́n sẹ́nu, ó rún wọn jẹ.

"Ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ fún mi níbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo bá wọn fa ọ̀rọ̀ láti aago mọ́kànlá títí oòrùn fi wọ̀, kí n tó gba méjì. Méjì! Wọ́n gbé mi lọ́rùn nílé lọ́jọ́ náà."

"Kódà kí ẹ gba mẹ́ta, Dádì, òdo náà ni. Mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́ta, méje."

"Òdo yìí ti fẹ́ di ẹbí wa."

Jọmílójú rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan apá bàbá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí òfin bá sọ pé mẹ́sàn-án dípò mẹ́jọ, àwọn ńlá méjì ò ní tó mọ́. Ẹ wò ó: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́jọ, ó ku ọ̀kan. Wọ́n á máa wá ẹnì kẹta kiri, yálà Nyanya tàbí ẹ̀yin. Ọwọ́ méjì yín á wá lágbára bí ọwọ́ mẹ́rin Garki, kò ní dín rárá. Nọ́ńbà kan péré ló dí yín lọ́nà láti ọdún mọ́kànlá."

"Ta ló máa yí i padà?"

"Ẹ nílò ọwọ́ mẹ́jọ láti yí i padà. Yálà Garki tàbí Kubwa gbọ́dọ̀ gbà." Ó kó ife náà jọ. "Wọn ò sì ní gbà láé. Mo ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mú agbára lọ́wọ́ kì í là á sí méjì fún ẹni tí kò ní nǹkan tó máa fún un."

"Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ mọ Toheeb alága wa ni?"

"Kò dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa," ni Japheth wí, ó sì dìde ní ìpele-ìpele, bí ẹni tó ń ṣí àkàbà. "Gbé mi lọ sí Garki. Ẹni tí kò ní agbára náà á lọ jókòó."

* * *

Gbọ̀ngàn ìpàdé tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí ń rùn ọ̀dà. Lẹ́bàá ògiri, pátákó gbọọrọ kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò, gbogbo èèyàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Alhaji Toheeb, alága ẹ̀ka Garki àti ti gbogbo ẹgbẹ́, jókòó síwájú. Ó ti jẹ́ dírẹ́kítọ̀ rí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì gba lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Bí ó bá wúkọ́ ní Garki, àwọn aláàárù Nyanya á sọ ẹrù kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Jemimah, tó fẹ́ pásítọ̀, ni alága Kubwa. Ìyá kan náà ló bí wọn, nítorí náà Garki àti Kubwa kò yàtọ̀ síra rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Tony ni alága Nyanya. Iṣẹ́ Tony ni láti máa kọ̀. Bí Toheeb bá ní ilẹ̀ ti mọ́, Tony á lọ tan iná.

"Abaji ti dé!" Toheeb ké. Kì í pe orúkọ Japheth. Orúkọ ibi tó ti wá ló ń pè é. "Abaji, báwo ni iṣu?"

"Iṣu wà."

Japheth jókòó sẹ́yìn níbi tí fáànù kì í dé, ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àtúnyẹ̀wò òfin ló ṣáájú. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Àlímátù, akọ̀wé, fi dígí sójú, ó ń ka òfin bí ẹni ń ka ìwé ìkìlọ̀ inú páálí oògùn. Ó dé orí ti ìbò. "Ọwọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá."

"Ẹnikẹ́ni ní àtúnṣe?" Toheeb ti ń yẹ ojú ìwé sí iwájú.

Ọkàn Japheth kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ń ronú imú Jemimah. Kò ní èrò kankan láti sọ̀rọ̀. Àárẹ̀ ló la ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá yán.

"Àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ," ó ní, "mẹ́sàn-án ni tiwọn."

Ọwọ́ Toheeb dúró lórí ìwé. Ìdí-Ọ̀pẹ ni ìlú tó múlé ti Òkè-Agbọ́n. Ní ọdún tí wọ́n bí bàbá Toheeb, ìjọba òyìnbó fẹ́ kọ́ pósófíìsì kan sí agbègbè náà, Òkè-Agbọ́n ló sì tọ́ sí, ṣùgbọ́n Ìdí-Ọ̀pẹ ló gbà á. Kò sí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Àdán ló ń gbé inú pósófíìsì náà. Síbẹ̀ kò tíì sí ọmọ Òkè-Agbọ́n tó dárí jì wọ́n. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ ìyàwó sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Toheeb béèrè.

"Lándílọ́ọ̀dù mi ní Abaji. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ni. Ó fi ìwé òfin wọn hàn mí." Òtítọ́ ni èyí. Japheth wá bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. "Ó ní ẹgbẹ́ tí ọwọ́ mẹ́jọ bá ti tó, ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé ni."

Toheeb wú. Àwọn tó jókòó síwájú búra pé àwọn gbọ́ bí bọ́tìnnì rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ iléèwé? Àwa? Àwọn tó jí pósófíìsì gbé ló ń pè wá ní ọmọ iléèwé? Ìyá Àlímátù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́sàn-án!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," Jemimah rọra sọ, "kí la fẹ́ fi mẹ́sàn-án ṣe?"

"Jemimah! Ṣé a ó tún jẹ́ kí wọ́n gba èyí náà ni?"

"Mẹ́rìnlá!" Tony ké láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. "Kí gbogbo èèyàn máa gbà pọ̀!"

"Jókòó, Tony. Ó yá, ọwọ́ sókè fún mẹ́sàn-án."

Ọwọ́ mẹ́rìnlá lọ sókè. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ fi ẹnu kò láti ìgbà tí wọ́n ti jọ sunkún níbi ìsìnkú ọba. Bírò bọ́ lọ́wọ́ Jọmílójú, ó yí lọ sábẹ́ àga, kò sì wá a. "Dádì," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ìyẹn ò sí nínú ìṣirò mi rárá."

"Kọ̀ǹpútà rẹ kò mọ̀ nípa pósófíìsì," ni bàbá rẹ̀ dáhùn, ó sì di ojú rẹ̀.

Ohun tó kàn ni pátákó tí wọ́n fi aṣọ bò. Jemimah dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn tó gùn ju ìwàásù ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ní kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n òun pe gbọ̀ngàn náà: Gbọ̀ngàn Alhaji Toheeb. Toheeb wo ilẹ̀, ó ń ṣe bí wúńdíá tí wọ́n wá tọrọ. Ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè láti Garki. Ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè láti Kubwa. Tony ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sin òun ná.

"Ó wọlé!" Toheeb ti ń dìde lọ sídìí aṣọ. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin èèyàn mi."

"Alága," ni Ìyá Àlímátù wí, ó bọ́ dígí rẹ̀. "Mẹ́jọ ni mo kà."

"Mẹ́jọ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn lẹ ní kí n kọ mẹ́sàn-án. Ó ti wà nínú ìwé."

Ọwọ́ Toheeb di mọ́ inú aṣọ pátákó. Ó wo Jemimah, Jemimah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo Tony, Tony ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi odindi Nyanya jíǹkí. Lẹ́yìn náà ni ọrùn Toheeb bẹ̀rẹ̀ sí yí, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ọrùn tó wà nínú gbọ̀ngàn sì tẹ̀lé e, wọ́n ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ tí kò rí òróró láti ọdún mọ́kànlá, títí gbogbo ojú fi bà lé ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ sórí àga ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n Japheth," ni Toheeb wí.

Japheth la ojú. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Japheth mìíràn ló wà níbẹ̀.

"Ẹ gbé fáànù kọjú sí ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ ò rí i pé ooru ń mú wọn ni? Ẹ gbé tìmùtìmù wá!"

Tìmùtìmù dé, fáànù dé. Tony náà kò gbẹ́yìn, ó ti fi míìtì páì méjì ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Nyanya, ó sì ń ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ dúró! Ẹ̀yin ni igbákejì alága lọ́dún tó ń bọ̀, mo búra!" Toheeb ní kí ni igbákejì, òun á fi orúkọ Japheth sórí fèrèsé kan nínú gbọ̀ngàn. Tony ní fèrèsé méjì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti fún Japheth ní oyè tó lè tó ìlú mẹ́ta pín.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni Japheth ti lá àlá ọjọ́ yìí nínú mọ́tò, bí orí rẹ̀ ti ń kọ lu fèrèsé. Nínú àlá náà, ó máa ń dìde, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá inú ara rẹ̀ kiri báyìí, kò bá ọ̀rọ̀ gbígbóná kankan níbẹ̀. Ìbàdí ló bá, àti Kúnbi.

"Ẹ wá sí Abaji," ó ní.

"Ká wá ṣe kí ni?"

"Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Kúnbi fẹ́ rí yín."

Jemimah gbé ojú sókè. "Ẹsẹ̀ Kúnbi kò tíì san?"

"Ẹ bi mí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì dáhùn. Ẹ ò tún bi mí mọ́."

Míìtì páì pàápàá dà bí ẹni tí ojú ń tì. Jemimah, tí òun àti Kúnbi jọ lọ sódò nígbà èwe, yọ aṣọ ìnujú, kò sì fi nu ohunkóhun.

"Kò burú," ni Toheeb wí, ó yára. "Ẹ kọ́kọ́ dìbò fún orúkọ, lẹ́yìn náà..."

"Rárá o," ni Japheth wí. "Abaji ni ká kọ́kọ́ dì. Mo ti ń bá yín bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn. Toheeb náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tó lè ṣe. Ọwọ́ mẹ́rin Garki, mẹ́rin Kubwa, méjì Abaji: mẹ́wàá. Ó wọlé. Wọ́n wá dìbò fún orúkọ gbọ̀ngàn, Japheth sì tún gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ti gbé wọn sókè lọ́pọ̀ ìgbà rí, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo tó báyìí rí, ó dà bí ẹni pé wọ́n so àpò sìmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn. Aṣọ já bọ́ lára pátákó. Orúkọ Toheeb tóbi débi pé wọ́n lè kà á láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

"Ẹ ti tà wá," ni Tony wí bí wọ́n ti ń jáde.

"Tony, ó rẹ̀ mí."

Nínú ọkọ̀, Jọmílójú kò lè mú un mọ́ra. "Dádì, ẹ lè gba ohunkóhun lónìí! Wọ́n wà lọ́wọ́ yín! Ẹ lè ní kí wọ́n máa wá ní gbogbo ọdún. Ẹ lè di alága pátápátá!"

"Kí n gba gbogbo rẹ̀, ibo ni màá gbé e sí?"

* * *

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kúnbi.

"Ṣé wọ́n fẹ́ wá ni, àbí o fi ìbò mú wọn?"

"Mo fi ìbò mú wọn."

Kúnbi rò ó wò. "Kò burú. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà wọlé, ewúrẹ́ náà ṣì ni."

Láàárín oṣù náà, fóònù kò jẹ́ kí Japheth sinmi. Tony ń pè é láàárọ̀, Toheeb ń pè é lọ́sàn-án, kálukú ní ohun tó fẹ́ kí ó na ọwọ́ sí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wà nínú oko àgbẹ̀ kan, ó ń wo kòkòrò lára ewé iṣu, Toheeb sì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́tìnì. Ó wá yé Japheth pé nígbà tí òun kò já mọ́ nǹkan, òun máa ń rí oorun sùn.

Sátidé dé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá. Aago mẹ́wàá lọ, mọ́kànlá lọ. Kúnbi ti wọ aṣọ, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láti aago méje. Japheth ń wo títì, kò ní ìgboyà láti wo ojú rẹ̀. Nígbà tó di aago kan, Kúnbi ní kí ó bá òun bọ́ gèlè òun, ó ń dun òun lórí. Ó bọ́ ọ fún un, ó sì ká a sórí itan ara rẹ̀ ní ìpele mẹ́jọ.

Aago méjì ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ fi ẹsẹ̀ wọ́ dé. Táyà ti fọ́ ní Gwagwalada, tírélà ti dábùú ọ̀nà lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ti kú láti Garki gan-an. Àwọn aṣojú àti èrò ẹ̀yìn wọn, èèyàn mẹ́tàlélógún, ń sọ̀ kalẹ̀ bí iṣu tí wọ́n ń dà látinú àpò. Toheeb ni ó jáde kẹ́yìn. Ó tẹ̀ ní ìbàdí, kò lè nà. Ojú rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Japheth. Ṣé ọ̀nà yìí náà ni?"

"Òun náà ni."

"Oṣooṣù?"

"Oṣooṣù."

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò fún ìpàdé. Toheeb na ara rẹ̀ sórí ẹní tó sún mọ́ ọn, ó ní kí òun kàn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tony dùbúlẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì tí kò bára wọn gbà rí sì jọ ń hanrun ní ohùn kan. Àwọn tó kù tẹ̀lé wọn. Kó tó di pé Ìyá Àlímátù rí bírò nínú báàgì rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ti sùn, ìhanrun wọn sì ń já ewé máńgòrò lulẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo ilẹ̀, òun náà fi ẹ̀yìn ti igi.

Kúnbi dìde. Ó fi ọ̀pá rìn wọ àárín wọn, ó ń wá àyè fẹsẹ̀ sí láàárín orí àti apá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wo Toheeb, ó ní ewú ti gba inú imú rẹ̀. Ó wo Tony, ó ní ó ti wá jọ bàbá rẹ̀ olójú kòǹgbà yẹn tán. Ó ń bú wọn jẹ́jẹ́ ní ẹ̀ka èdè Òkè-Agbọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnikẹ́ni. Japheth ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, gèlè ṣì wà lórí itan rẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jemimah, ó tẹ̀ sórí ọ̀pá rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Jemimah la ojú kan.

"Kúnbi, kí lò ń wò?"

"Ìwọ ni. O ti sanra bí àgbá."

"Ìwọ náà ti gbẹ bí ẹja. Jókòó."

Kúnbi fi ọ̀pá lélẹ̀, ó rọra jókòó sétí ẹní. Jemimah sún díẹ̀ fún un, ó sì tún sùn lọ.